Ojú Lábẹ́ Omi, Láti Bridgetown dé Oranjestad

Ọjọ́ Kìíní: Bridgetown, Barbados

Ọkọ̀ òkun ńlá ló máa gbé wa fún ọjọ́ mẹ́fà gba erékùṣù márùn-ún ní Karibíánì, ká lè máa léfòó pẹ̀lú awò omi lójú, ká wo ẹja àti iyùn alààyè tó wà nísàlẹ̀ òkun. Alẹ́ ni ọkọ̀ máa ṣí. Ẹni tó bá ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ṣì ní ọ̀sán gbáko lọ́wọ́, Carlisle Bay sì ni kó lò ó sí. Takisí kì í pẹ́ débẹ̀ láti èbúté. Dọ́là Barbados méjì ni dọ́là Amẹ́ríkà kan. Àwọn ọlọ́jà ń gba ti Amẹ́ríkà, àmọ́ ti Barbados ni wọ́n á fi fún yín ní ṣéńjì, nítorí náà ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání.

Iṣẹ́ ọjọ́ òní kì í ṣe ẹja wíwò. Irinṣẹ́ la fẹ́ dán wò níbi tí ẹsẹ̀ ti ń kan ilẹ̀, kí a tó dé ibi tí kò ti ní í kàn án. Ẹ gbé awò omi lé ojú láìfi okùn rẹ̀ kọ́ orí, kí ẹ wá fa èémí díẹ̀ sí imú. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú, tí ẹ sì mú ọwọ́ kúrò tí kò jábọ́, ó bá ojú yín mu. Bó bá jábọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má rò pé okùn fífún á tún un ṣe. Bí okùn bá ṣe le tó ni rọ́bà etí awò náà ń wọ́, tí omi á sì máa ráyè wọlé.

Irun ni ọ̀tá awò omi. Fọ́nrán kan ṣoṣo tó bá há sábẹ́ rọ́bà yẹn ti tó kí omi máa ro sí imú. Obìnrin tó bá fẹ́ dirun kó tó rìnrìn-àjò, kọ́lẹ́sẹ́ ló dáa jù, torí ẹ̀yìn orí á tẹ́ pẹrẹsẹ fún okùn. Ṣùkú á máa tì í kúrò láyè rẹ̀ ni. Ọkùnrin tó dá irun sí lórí ètè òkè, kó fá ìwọ̀nba tó wà lábẹ́ imú gan-an, tàbí kó fi gíríìsì sílíkónì pa á. Kì í ṣe Vaseline o. Ó máa ń ba rọ́bà jẹ́.

Ní ti ohun èèlò: ẹ ra awò omi àti páìpù ìmí tiyín, kí ẹ sì háyà bàtà ìwẹ̀, èyí tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Bàtà ìwẹ̀ wúwo, ó gbàyè nínú àpótí, gbogbo erékùṣù ló sì wà. Awò omi ni kò ṣeé yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí ojú ò jọra.

Bí irinṣẹ́ bá ti gbà, ẹ wẹ̀ díẹ̀ síwájú sí i lọ wo Berwyn, ọkọ̀ afàkọ̀ Faransé tó rì síbẹ̀ ní 1919. Omi ibẹ̀ ò jìn, ẹja sì ti sọ ọ́ dilé.

Ọjọ́ Kejì: St. George's, Grenada

Ilẹ̀ mọ́ bá wa lẹ́bàá àwọn ilé olórùlé pupa tó to ara wọn gun òkè. Ọkọ̀ kékeré ló ń gbé èèyàn láti èbúté Carenage tàbí etí òkun Grand Anse lọ sí Molinière Bay ní àríwá ìlú. Ère ló wà nísàlẹ̀ omi níbẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà Jason deCaires Taylor ló gbé wọn síbẹ̀ ní 2006, ọdún méjì lẹ́yìn tí ìjì Ivan gbo erékùṣù náà. Èyí tí gbogbo èèyàn ń béèrè ni ti àwọn ọmọdé tó pagbo, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí wọ́n sì kọjú síta. Ara àwọn ọmọ Grenada gan-an ni wọ́n ti mọ wọ́n.

Ó jìn tó mítà mẹ́rin sí márùn-ún, nítorí náà oòrùn ló máa sọ ohun tí ẹ ó rí. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ ń já gaara dé ojú ère. Kó tó di ìgbà yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀, òjìji lásán ni. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ bi ọlọ́kọ̀ léèrè bí omi ṣe rí kí ẹ tó sanwó. Àgbàrá tó ń bọ̀ láti orí òkè máa ń sọ ọ́ di omi ẹ̀gbin. Ọlọ́kọ̀ tó bá dáa á sọ fún yín pé kí ẹ má lọ lónìí.

Àwọn Yorùbá ti gúnlẹ̀ sí erékùṣù yìí ṣáájú wa. Ní 1849 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ olówò ẹrú wá síbí. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ẹ̀sìn Ṣàngó tí wọ́n mú wá kò sì parẹ́.

Fún oúnjẹ ọ̀sán, ẹ béèrè oil down: gbẹ̀rẹ̀fútù, ẹran oníyọ̀, ewébẹ̀ àti atalẹ̀ pupa, tí wọ́n sè nínú oje àgbọn títí oje náà fi gbẹ wọnú wọn. Ẹ tètè jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìwẹ̀, kì í ṣe ṣáájú. Bọ́ọ̀sì kékeré tó ní nọ́ńbà 1 lára ló ń ná ìlú sí Grand Anse, owó rẹ̀ kò tó dọ́là Amẹ́ríkà méjì, takisí á sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Dọ́là Ìlà Oòrùn Karibíánì 2.70 ni dọ́là Amẹ́ríkà kan.

Ọjọ́ Kẹta: Lórí omi

Kò sí èbúté lónìí. Ìgbì ń ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, àwọn kan kò sì lè jẹun. Atalẹ̀ jíjẹ tàbí tíì atalẹ̀ ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tó bá máa lo oògùn èébì ọkọ̀, kó lò ó lálẹ́ òní, kó má di àárọ̀ ọ̀la, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mú oorun kunni, oorun àti omi ò sì bára mu.

Awò omi tuntun máa ń ní òrí kan nínú gíláàsì rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bí ẹ ò bá bó o kúrò, èémí á máa bo gíláàsì lójú omi títí ẹ ó fi gbà pé ojú yín ló ń ṣe yín. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín funfun, èyí tí kì í ṣe jẹ́ẹ̀lì, fi ìka ha inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lọ́jọ́ ìwẹ̀ gan-an, ẹ̀kán ọṣẹ irun ọmọdé kan ti tó, tàbí itọ́. Ẹ fi pa gíláàsì gbígbẹ, ẹ rọra fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbé e wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi imú mí síta mọ́. Èémí gbígbóná láti imú ló ń bo gíláàsì.

Ẹ di àpò ọ̀la sílẹ̀ lálẹ́ yìí. Ẹ̀wù alápá gígùn fún omi dára ju ìpara oòrùn lọ: ẹni tó ń léfòó dojú bolẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ni oòrùn ń sun, àwọ̀ dúdú ò sì gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Omi mímu lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bàtà rọ́bà tó bo gìgísẹ̀. Fínígà díẹ̀ nínú ìgò kékeré. Ẹ fi èso àti ẹran sílẹ̀ sínú ọkọ̀, torí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní èbúté.

Ọjọ́ Kẹrin: Kralendijk, Bonaire

Torí ọjọ́ yìí la ṣe wá. Níbòmíràn, ọkọ̀ kékeré ló ń gbéni dé ibi iyùn. Ní Bonaire, etí títì lèèyàn ti ń bọ́ sómi. Kó tó wẹ̀ lọ jìnnà, iyùn ti wà lábẹ́ àyà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló fà á. Ìlà oòrùn ló ti ń fẹ́ ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọdún, erékùṣù fúnra rẹ̀ sì dí ìgbì lọ́nà, tí omi ìhà ìwọ̀ oòrùn fi tòrò. Ìhà ìlà oòrùn ńkọ́? Ẹ lọ wò ó, ẹ ya fọ́tò, ẹ má wọ̀ ọ́.

Láti 1979 ni gbogbo omi tó yí erékùṣù náà ká, títí dé ibi tó jìn tó 60 mítà, ti wà lábẹ́ ìṣọ́ òfin. Àjọ kan tó ń jẹ́ STINAPA ló ń ṣàkóso rẹ̀. Àlejò tó bá fẹ́ wọ omi á san dọ́là 40, owó ọdún kan gbáko ni, ì báà ṣe wákàtí méjì lẹ fẹ́ lò. Ẹ san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, kí rìsíìtì wà lórí fóònù. Dọ́là Amẹ́ríkà ni owó ibẹ̀ láti 2011, nítorí náà kò sí pé ẹ ń pààrọ̀ owó.

Òfin wọn le, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iyùn, ẹ ò gbọdọ̀ kó o, yálà ó yè tàbí ó kú. Wọn kì í gba ìbọ̀wọ́ láàyè, torí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ á máa di nǹkan mú. Ìpara oòrùn tó ní oxybenzone tàbí octinoxate, òfin ti lé e kúrò níbẹ̀ láti 2021. Èyí tó ní zinc oxide ni kí ẹ rà. Láti 2023 ni àrùn kan ti ń bó ara iyùn ní Bonaire, tó ń fi egungun funfun sílẹ̀. Irinṣẹ́ tó ti wọ omi erékùṣù mìíràn lè gbé e wá, nítorí náà ẹ fọ ohun tí ẹ lò ní Grenada kí ẹ sì sá a gbẹ dáadáa kó tó kan omi ibí.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Láàárín ìlú ni èbúté wà, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn dé ibi tí ọkọ̀ kékeré ti ń ná Klein Bonaire, erékùṣù kékeré tó wà níwájú ìlú. Ẹ sọ pé "Bon dia" kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹni tí kò kí èèyàn níbẹ̀, wọ́n á dá a lóhùn, àmọ́ ìdáhùn náà á kúrú. Obìnrin tó ń ta omi lẹ́bàá afárá, lẹ́yìn ìkíni, ló na ọwọ́ sí ọkọ̀ tó ń ṣí lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ká má dúró de ìkejì, torí èrò inú ọkọ̀ ńlá kejì máa kún un.

Klein Bonaire ò ní olùgbé, kò ní omi mímu, kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibòji rẹ̀ ò sì tó nǹkan. No Name Beach ni ọkọ̀ ń já èèyàn sí. Ẹ béèrè aago tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń padà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ tó wọ omi, ẹ mọ ibi tí omi ń ṣàn sí. Ẹ ju ewé kan sómi kí ẹ wo ibi tó ń lọ. Tí ẹ bá sì ti bojú wo ìsàlẹ̀, ẹ wo iyùn rírọ̀ tó ń jù bí ewé, ibi tó bá tẹ̀ sí ni omi ń fà sí. Ẹ fẹsẹ̀ rin etí òkun lọ sí òdìkejì ìṣàn náà, kí ẹ wọlé láti ibẹ̀, kí omi fúnra rẹ̀ máa gbé yín bọ̀ wá sí ibi ọkọ̀. Ẹni tó bá bá ìṣàn lọ lákọ̀ọ́kọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ìgbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ló máa bá a jà.

Ewu kejì ni afẹ́fẹ́. Nítorí pé láti orí ilẹ̀ Bonaire ló ń fẹ́ lọ sójú agbami, ojú omi á tòrò, àmọ́ yóò máa tì yín síta díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé orí sókè ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹ wo etí bèbè, kí ẹ wo ẹnì kejì yín. Ẹni tó ń rì kì í pariwo. Jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó tí à ń fẹnu fẹ́ kò tinilójú; ẹ fẹ́ ẹ dé ìdajì, ó tó láti sinmi lé.

Bí a ṣe ń wọlé: ẹ wọ bàtà ìwẹ̀ nígbà tí omi bá dé ìbàdí, kí ẹ fẹ̀yìn rìn. Bí omi bá wọ páìpù, ẹ fẹ́ ẹ síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára, "fù!", kí ẹ tó fà sínú. Bó bá wọ awò, ẹ gbójú sókè díẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ etí òkè rẹ̀, ẹ fi imú fẹ́ afẹ́fẹ́. Omi á gba ìsàlẹ̀ jáde. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta nínú omi tí kò jìn kí ẹ tó lọ. Bí pajápajá bá mú ẹsẹ̀, ẹ dojú sókè, ẹ di orí bàtà ìwẹ̀ náà mú, kí ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín.

Ibi tó dùn wò jù ni etí ibi tí ilẹ̀ òkun ti já sísàlẹ̀, níbi tí omi aláwọ̀ ewé ti di aró. Ẹ má kọjá rẹ̀, ẹ máa tọ̀ ọ́. Ẹja ẹlẹ́nu odídẹrẹ́ ń jẹ ní orí rẹ̀, aláwọ̀ búlúù àti pupa rúsúrúsú. Bí ẹ bá dá èémí dúró díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ, bí ìgbà tí ọmọdé ń rún kókóró lẹ́nu: ewé wẹ́wẹ́ tó wà lára òkúta iyùn ló ń ha jẹ, tòun ti òkúta. Ẹ tẹ̀ lé e díẹ̀ lókèèrè; láìpẹ́ yóò yàgbẹ́, ìgbẹ́ náà á sì fọ́n sínú omi bí eruku funfun. Iyanrìn ni. Púpọ̀ nínú iyanrìn tí ẹ tẹ̀ ní etí òkun láàárọ̀ gba inú ẹja yìí kọjá.

Kuta wà níbẹ̀, ọ̀kan á sì máa tẹ̀ lé yín lẹ́yìn bí ẹni tó ń gba owó orí. Kì í ṣe nǹkan fún ẹni tí kò wọ ohun tó ń dán. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìjàpá òkun ń jẹ koríko níbi tí omi ò jìn. Ẹ fún un láyè kó lè gòkè wá mí. Èyí tó yẹ kí a ṣọ́ra fún gan-an kò tóbi: ẹran ẹlẹ́gùn-ún gígùn dúdú tó há sáàárín òkúta, iyùn aláwọ̀ músítádì tó ń jóni bí iná, àti ẹja lionfish, tí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ní oró. Bí iyùn bá jó yín, fínígà ni, ẹ má fọwọ́ ra á. Bí ẹ̀gún lionfish bá gún yín, ẹ ki ibẹ̀ bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ẹ̀gún dúdú tó bá kán sí ẹsẹ̀, ẹ má fi abẹ́rẹ́ wá a kiri. Wẹ́wẹ́ lásán ló máa fọ́ sí.

Ọ̀sán: kabritu stobá, ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n bọ̀ títí tó fi ń já lára egungun, pẹ̀lú funchi, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo. Dọ́là 15 sí 25 ni àwo kan ní ilé oúnjẹ tí kì í ṣe ti etí èbúté. Ata rẹ̀ ò tó fún wa, àmọ́ wọ́n ní ata nínú ìgò, ẹ béèrè.

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ṣẹ́kù lè háyà ọkọ̀ lọ sí 1000 Steps ní àríwá. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ò pé 100. Ìgbà tí ẹ bá ń gbé irinṣẹ́ gòkè padà lẹ ó mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Òkúta tí wọ́n kun ní àwọ̀ yẹ́lò lẹ́bàá títì ló ń fi ibi ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, kódà bàtà. Àwọn tó mọ ibẹ̀ kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, wọ́n á tún sọ fèrèsé kalẹ̀, kí olè lè rí i pé òfìfo ni, kó má baà fọ́ gíláàsì.

Tàbí kí ẹ lọ sí gúúsù, níbi òkìtì iyọ̀ funfun àti omi iyọ̀ aláwọ̀ òdòdó. Ẹ ó rí àwọn ahéré òkúta kéékèèké tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1850 fún àwọn ẹrú tó ń wa iyọ̀. Ẹnu ọ̀nà wọn kò ga rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ ọ̀kan. Ẹ ò ní lè nàró sí ibi púpọ̀ nínú rẹ̀. 1863 ni òmìnira dé.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni kí gbogbo èrò ti wọlé. Aago ọkọ̀ ni ẹ máa wò, kì í ṣe ti fóònù, torí ọkọ̀ tó bá ti Florida wá lè má yí aago rẹ̀ padà. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó dá ara rẹ̀ lọ. Ẹ fi wákàtí kan ṣáájú sílẹ̀ fún táyà tó lè jò.

Ọjọ́ Karùn-ún: Willemstad, Curaçao

Afárá Queen Emma, tó ti ń léfòó lórí omi láti 1888, máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọkọ̀ tó ń kọjá. Bó bá yà nígbà tí ẹ wà ní òdìkejì, ẹ wá ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èèyàn sọdá lọ́fẹ̀ẹ́.

Playa Piscadó ní Westpunt ni àwọn tó fẹ́ rí ìjàpá òkun ń lọ. Àwọn apẹja ń ha ẹja lórí afárá ibẹ̀, wọ́n ń da ìfun rẹ̀ sómi, ìdí tí ìjàpá ò fi kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ibi iṣẹ́ wọn ni o. Ẹ kí wọn, kí ẹ sì jìnnà sí okùn ìwọ̀ wọn. Ọ̀nà náà jìn, ó ń lọ sí wákàtí kan láti èbúté. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ò ní pẹ́ ní Curaçao, kó lọ sí Caracasbaai tó sún mọ́ ìlú. Ọkọ̀ afàkọ̀ kékeré kan wà nísàlẹ̀ omi mítà márùn-ún níbẹ̀, iyùn ti bò ó.

Ní Plasa Bieu, ọjà àtijọ́ tí wọ́n ti ń dáná fún gbogbo èèyàn, ẹ bu giambo: ọbẹ̀ ilá tó ń yọ̀, tí ẹja wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú funchi. Ọ̀sán ni wọ́n ń tà á, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ọjọ́ Kẹfà: Oranjestad, Aruba

Afẹ́fẹ́ ibí le ju ti gbogbo ibi tí a ti kọjá lọ. Ẹ má gbé ohun ìléfòó onírọ́bà ńlá sómi. Ó máa gbé ọmọdé lọ sójú agbami kí bàbá rẹ̀ tó bọ́ bàtà. Bọ́ọ̀sì gbogbogbò ń lọ láti ibùdókọ̀ ẹ̀gbẹ́ èbúté sí Malmok àti Arashi, bíi dọ́là márùn-ún lọ-bọ̀. Ọkọ̀ Antilla ti ilẹ̀ Jámánì, tí àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rì ní May 1940 kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, wà nítòsí etíkun yẹn, ó gùn tó nǹkan bí 120 mítà. Ọkọ̀ kékeré ni ẹ ó wọ̀ débẹ̀, kì í ṣe ìwẹ̀ láti etí bèbè. Ti àárọ̀ ni kí ẹ bá lọ. Lọ́sàn-án, ìgbì kéékèèké á máa da omi sínú páìpù yín.

Lálẹ́, ẹ rẹ awò àti páìpù sínú omi tí kò níyọ̀ fún wákàtí kan nínú agbada ìwẹ̀ yàrá yín. Ẹ sá wọn síbi tí atẹ́gùn wà, kì í ṣe inú oòrùn. Kí awò wà nínú páálí tàbí ike líle kí ẹ tó kó o sí àpótí, torí bí rọ́bà rẹ̀ bá ká sórí ara títí ẹ fi délé, kò ní nà padà mọ́.